Ogbó Tó Mọ Ọ̀nà àti Eré-Ìje Tí Ẹnìkan Kò Lè Dá Sá

Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán dé Òwu-Ìsin, ni pé ogbó, àdá tí Ọ̀ràngún gbà lọ́wọ́ Odùduwà, ni ó la igbó tí ó sì mọ ọ̀nà. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti ṣẹ̀ wá.

Ní 1989, Gérard Fusil, akọ̀ròyìn ọmọ Faransé, sọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀ di ìdíje ní New Zealand. Raid Gauloises ni orúkọ rẹ̀. Sìgá ni Gauloises, fún eré tó ń fẹ́ èémí tó báyìí! Ẹni márùn-ún ni ẹgbẹ́ kan, obìnrin sì gbọ́dọ̀ wà nínú wọn. Wọn a rìn, wọn a gun òkè, wọn a tukọ̀, tọ̀sán-tòru, láìsí ẹ́ńjìnnì. Àwòrán ilẹ̀ àti kọ́ńpáàsì ni ogbó tiwọn.

Òfin kan ló le jù: gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jùmọ̀ dé òpin. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá rọ́, ẹni tó yára jù a dúró dè é, a sì gba ẹrù rẹ̀ rù. Ẹgbẹ́ John Howard, ọmọ New Zealand, ló borí lọ́dún náà. Eré náà dé Madagascar ní 1993.

Ní 2014, ní Ecuador, Mikael Lindnord, ọmọ Sweden, fún ajá kan tó gbọgbẹ́ ní ẹran jẹ nínú irú ìdíje yìí. Ajá náà tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ láìmú un, ó bẹ́ sódò, ó ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀. Wọ́n fà á sínú ọkọ̀. Mẹ́rin ni wọ́n. Ajá náà ló ṣe ìkarùn-ún.