Ta Ni Ó Padà Sílé? Ìtàn Ilé Wíwó àti Àtúnkọ́ Àdúgbò ní Èkó

Ní ọdún 1955, ètò kan bẹ̀rẹ̀ láti wó nǹkan bí 70 éékà ilẹ̀ ní àárín Erékùṣù Èkó palẹ̀, kí wọ́n sì tún un kọ́. Òmìnira ti ń sún mọ́lé nígbà náà. Àwọn aṣáájú tí wọn yóò gba ìjọba lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí àlejò tí ó bá wá bá wọn yọ̀ rí páànù tí ó ti dípẹtà àti gọ́tà tí ó kún fún ìdọ̀tí ní ojú olú-ìlú. Iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àjọ tí wọ́n ń pè ní Lagos Executive Development Board, LEDB. Àdéhùn sì wà. Àjọ náà yóò san owó fún onílé, yóò kó àwọn ènìyàn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè, bí ó bá sì ti la títì tán, tí ó ti pín ilẹ̀ náà sí pílọ́ọ̀tì, ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi lọ̀ kí ó tún un rà. Lórí ìwé, ó dára. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ "tún ìlú ṣe" túmọ̀ sí ní Èkó láti ìgbà náà títí di òní, kí ó tẹ̀lé àdéhùn yìí dé ibi tí ó parí sí.

Àjọ LEDB kì í ṣe ọmọ ọwọ́ nígbà tí iṣẹ́ yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àrùn ni ó bí i. Ní ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì ń pa ènìyàn fún ọdún mélòó kan. Ìjọba amúnisìn wo àwọn agbo ilé tí ó há mọ́ra ní erékùṣù náà, ó ní ibẹ̀ ni eku ń sá sí. Ní ọdún 1928 ni òfin gbé àjọ náà kalẹ̀, ó fún un ní agbára láti gba ilẹ̀, láti wó ilé, àti láti la àdúgbò tuntun. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni Yábàá ti di àdúgbò oníṣirò, tí títì rẹ̀ gún régé. Ìmọ́tótó ni ìdí tí wọ́n sọ, ìdí gidi sì ni. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fi ilé ṣe ọ̀daràn. Ìyà tí ó há ènìyàn mọ́ yàrá kan kò wọ inú ìwé ẹ̀sùn.

Ohun kan tún wà tí ìjọba náà mọ̀ dájú nígbà náà: ilẹ̀ Èkó ní olówó. Oyè Olúwa, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ti kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá tí ó sì fẹ́ fi owó díẹ̀ pa á lẹ́nu mọ́, Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa gbé ẹjọ́ náà títí dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920. Herbert Macaulay bá a lọ, ó sì gbé ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù dá a láre. Wọ́n ní ilẹ̀ náà jẹ́ ti ẹbí àti ti àwùjọ, pé bí ìjọba bá fẹ́ gbà á, kí ó san owó rẹ̀ bí ẹni ń ra ohun ìní gidi. Ìdájọ́ yìí ni ó wà lẹ́yìn gbogbo onílé Ìsàlẹ̀ Èkó tí àwọn òṣìṣẹ́ LEDB kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1955. Kì í ṣe pé wọn kò ní ẹ̀tọ́. Wọ́n ní in, òfin sì mọ̀ ọ́n.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Peter Marris, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Èkó ní ìparí àwọn ọdún 1950 láti bá àwọn tí wọ́n kó kúrò àti àwọn tí wọn kò tí ì kó kúrò sọ̀rọ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀rí tí ó péye jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó rí ni pé ilé tí wọ́n kọ́ sí Sùúrùlérè dára ju èyí tí wọ́n wó lọ. Omi wà, ààyè wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ tòṣì ju bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti lóye fún ẹni tí ó bá mọ agbo ilé Yorùbá. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọmọ ẹbí kì í san owó ilé nínú ilé bàbá rẹ̀. Opó ní yàrá. Ọmọ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ibi tí yóò fi orí lé. Ní Sùúrùlérè, oṣù kan kò gbọdọ̀ kọjá kí owó ilé má wọlé, àjọ ìjọba ni ó sì ń gbà á, kì í ṣe bàbá àgbà tí ènìyàn lè dọ̀bálẹ̀ fún. Obìnrin tí ó ń ta gaàrí tàbí aṣọ ní iwájú ilé pàdánù àwọn oníbàárà tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ. Ọkùnrin tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi iṣẹ́ ní etí ọ̀sà wá di ẹni tí ń wọ bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́, owó ọkọ̀ sì ń jẹ nínú owó oúnjẹ. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n ń rí ara wọn láàárọ̀ lálẹ́ wá ń rí ara wọn ní ọjọ́ ìsinmi nìkan, bí owó ọkọ̀ bá wà. Ilé tí wọ́n kọ́ jẹ́ ti ọkọ, aya àti ọmọ. Ẹbí kò sí nínú àwòrán rẹ̀. (Orúkọ àdúgbò náà bá a mu, nítorí sùúrù ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe.)

Ìlérí pé onílẹ̀ yóò tún ilẹ̀ rẹ̀ rà ni ó kọ́kọ́ yẹ̀. Owó tí wọ́n fi pílọ́ọ̀tì náà lọ̀ ọ́ ju èyí tí wọ́n san fún un lọ, nítorí títì ti wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ìkọ́lé tuntun sọ irú ilé tí a gbọ́dọ̀ kọ́ síbẹ̀, kì í sì í ṣe ilé tí owó mẹ̀kúnnù ká. Owó gbà-má-bínú náà kò dúró pẹ́ lọ́wọ́ ẹbí: bí wọ́n bá pín in fún ogún ọmọ, kí ni yóò kù tí ẹnikẹ́ni yóò fi kọ́ ilé? Ilé ìtajà àti ọ́fíìsì ni ó hù ní ibi tí agbo ilé wà. Àtakò pọ̀ títí iṣẹ́ náà fi dẹ́kun láìparí, apá kan nínú ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nìkan ni wọ́n sì tún kọ́. Ìdí nìyẹn tí Ìsàlẹ̀ Èkó fi ṣì wà.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àárín rògbòdìyàn yẹn tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà. Ní ọdún 1956, bí wọ́n ti ń wó ilé lọ, ìjọba kan náà kéde ilé kan ní Tinúbú gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ilé náà ni Ilojo Bar, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nínú irú iṣẹ́ ọnà tí àwọn Àgùdà tí wọ́n padà dé láti Brazil mú wọ Èkó. Òfin dáàbò bò ó fún ọgọ́ta ọdún. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ Àìkú, wọ́n wó o. Pákó ìkéde kò lè dá kàtàkàtà dúró.

Ní ọdún 1972, LEDB pa pọ̀ mọ́ àwọn àjọ ètò ìlú ti Ìkẹjà àti Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì di LSDPC, ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó fún ìdàgbàsókè àti ohun ìní. Ìyípadà tí ó tóbi jù dé ní ọdún 1978, nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde. Òfin náà fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbo ènìyàn, owó ilé àti ohun ọ̀gbìn ni yóò san. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ìlò ilẹ̀ tí ènìyàn san lọ́dún náà nìkan ni yóò gbà padà. Ohun tí Olúwa jà fún títí dé Lọ́ńdọ̀nù di ìtàn ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí agbára ti kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀ Èkó, ibẹ̀ ni kí ó fi ìka sí, kì í ṣe ara kàtàkàtà.

Ìgbà Lateef Jákàǹdè, láti oṣù kẹwàá 1979 títí di ìparí 1983, yàtọ̀ díẹ̀. Oníròyìn ni ọkùnrin náà kí ó tó di gómìnà, ó sì mọ iye tí òṣìṣẹ́ ń gbà. Orí ilẹ̀ tí kò sí ilé ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ilé olówó pọ́ọ́kú rẹ̀ sí: Abẹ́sàn, Ìjàyè, Ìsọlọ̀, Amùwó-Ọ̀dọ̀fin. Ilé náà kò lẹ́wà, ẹnikẹ́ni kò sì purọ́ pé ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n kò lé púpọ̀ ènìyàn jáde kí ó tó kọ́ ọ, orúkọ rẹ̀ sì ni àwọn ará Èkó ń pe àwọn àdúgbò wọ̀nyẹn títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni Màrókò. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ọ̀gágun Rájí Ràṣákì fún àwọn ará Màrókò ní ọjọ́ méje kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, kàtàkàtà dé pẹ̀lú ọlọ́pàá àti ṣọ́jà. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni wọ́n sọ pé ó pàdánù ibùgbé. Ìjọba ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, pé omi yóò gbé e. Díẹ̀ nínú àwọn onílé rí fúlàátì gbà ní Ìlàsàn àti Ìkọtà, ilé tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tí ì parí. Ayálégbé kò rí nǹkan kan. Ní ti omi tí yóò gbé ilẹ̀ náà, yanrìn ni wọ́n dà sí i. Ilé olówó gọbọi ni ó wà níbẹ̀ lónìí.

Ìtàn Bàdíà ni ó fi hàn jù bí ìjìyà kan náà ṣe lè bá ènìyàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 1973, ìjọba àpapọ̀ nílò ilẹ̀ láti kọ́ Gbọ̀ngàn Eré Ìtàgé ti orílẹ̀-èdè ní Ìgànmú fún àjọ̀dún FESTAC. Ó lé àwọn ará abúlé Olúwọlé kúrò, ó sì ní kí àwọn kan lọ jókòó sí Bàdíà. Wọ́n lọ, wọ́n da ilẹ̀ sí àbàtà, wọ́n kọ́ ilé. Nígbà tí ó di ọdún 2006, Báǹkì Àgbáyé yá ìpínlẹ̀ Èkó ní 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò kan tí apá kan rẹ̀ jẹ́ àtúnṣe àdúgbò mẹ́sàn-án tí ìyà ń jẹ, Bàdíà sì wà lára wọn. Àtúnṣe ni wọ́n ń retí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù kejì ọdún 2013, kàtàkàtà wó Bàdíà Ìlà-Oòrùn, nǹkan bí 9,000 ènìyàn sì di aláìnílé. Wọ́n san nǹkan fún àwọn kan lẹ́yìn àtakò, ṣùgbọ́n "ìrànwọ́" ni ìjọba pè é, kì í ṣe gbà-má-bínú. Orúkọ ọ̀hún ní ìtumọ̀, nítorí ẹni tí ó ń ṣàánú kò jẹ gbèsè. Fúlàátì 1,008 ni ìjọba ní òun yóò kọ́ síbẹ̀. Nínú ètò ilé ìpínlẹ̀ náà tí wọ́n ṣí ní ọdún 2014, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilé yóò kọ́kọ́ mú ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ wá, yóò sì fi ìwé owó orí hàn. Ẹlẹ́ja tútù tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sí nínú irú ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ti Otodo Gbame, ìletò àwọn Ẹ̀gùn apẹja ní ẹ̀bá ọ̀sà lẹ́bàá Lẹ́kí, ilé ẹjọ́ kò dákẹ́. Ó ti pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni má wó ibẹ̀ kí iná àti kàtàkàtà tó dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2016. Ní oṣù kìíní 2017, ó ní kí ìjọba àti àwọn ará ìletò náà lọ jókòó sọ ọ́. Ìjọba kúrò nídìí ìjíròrò náà, wọ́n sì wó èyí tí ó kù láàárín oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Àpapọ̀ àwọn tí wọ́n lé jáde tó nǹkan bí 30,000. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, Adájọ́ Adéníyì Onígbánjo ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó dájọ́ pé lílé wọn láìsí ibùgbé mìíràn tako òfin orílẹ̀-èdè, pé ìwà ìkà tí ń rẹ ọmọ ènìyàn sílẹ̀ ni, ó sì pàṣẹ kí ìjọba bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ibi tí wọn yóò máa gbé. Nígbà tí ìdájọ́ náà jáde, yanrìn lásán ni ó wà níbi tí ilé wọn wà. Àwọn tí wọ́n jàre ti fọ́n ká sọ́dọ̀ ẹbí ní àwọn ìletò etí omi mìíràn, àwọn kan lára wọn sì ń sun inú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń pẹja.