Ohùn Tí Kò Ní Ìlù Lẹ́yìn

Ọ̀nà tí a ó gbà fi orin ránṣẹ́ lórí wáyà tẹlifóònù ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Dieter Seitzer ń wá ní Yunifásítì Erlangen, ní Jámánì. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Karlheinz Brandenburg, ló gbé iṣẹ́ náà rù. Ẹrù wúwo ni, nítorí orin inú àwo CD ń gba nọ́ńbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún etí kọ̀ọ̀kan.

Etí ọmọ ènìyàn ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Níbi tí bàtá bá ti ń dún kíkankíkan, ta ní í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tí ń kọjá? Ohun tí etí kò ní gbọ́, kí a yọ ọ́ sọnù. Ọgbọ́n náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

À ṣé orin tí kò ní ìlù rárá ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Nínú "Tom's Diner", tí ó wà nínú àwo tí Suzanne Vega, akọrin Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1987, ohùn rẹ̀ nìkan ṣoṣo ní ń dún. Kò sí ohun tí ó lè bo àbùkù mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ fún orin náà pọ̀ tán, ohùn dídùn há, bí ẹni pé ọ̀fun ń dun obìnrin náà. Brandenburg gbọ́ ọ ní àìmọye ìgbà, ó ń tún ìṣirò rẹ̀ ṣe títí ohùn náà fi mọ́. Làálàá náà tọ́, nítorí ohun tí a bá ti yọ kúrò kò ṣeé dá padà mọ́.

Ní 1988 ni a dá ìgbìmọ̀ MPEG sílẹ̀, kí àwọn orílẹ̀-èdè lè fẹnu kò lórí irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Nínú ìlànà àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993, iṣẹ́ àwọn ará Erlangen wà ní ìpele kẹta ti ohùn. Láti ibẹ̀ ni orúkọ náà mp3 ti jáde ní 1995. Ó lè dín orin CD kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mọ́kànlá.