Fífi Abẹ́rẹ́ Fa Ìtọ̀ Lára Kíndìnrín: Ìtàn Rẹ̀ àti Ewu Tó Wà Níbẹ̀

Bí òkúta tàbí jẹjẹrẹ bá dí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti kíndìnrín bọ́ sínú àpò ìtọ̀, ìtọ̀ á dúró sókè, kíndìnrín á wú, yóò sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, àfi kí wọ́n la aláìsàn. Lónìí, dókítà lè gba ẹ̀yìn fi abẹ́rẹ́ gún kíndìnrín, kí ó máa wo ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ lójú ẹ̀rọ.

Ní 1865, Thomas Hillier ní Lọ́ńdọ̀nù ròyìn bí òun ṣe ń fa omi lára kíndìnrín ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin léraléra. Kò rí inú. Ọgbọ́n ọwọ́ nìkan ló ní, nítorí ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen tó ṣàwárí X-ray. Ní 1901, Max Brödel, ayàwòrán ìṣègùn ní Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé apá ẹ̀yìn kíndìnrín tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kò pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń dójú kọ títí dòní.

Willard Goodwin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles ló sọ fífi abẹ́rẹ́ fa ìtọ̀ di ìtọ́jú tí ayé mọ̀, ní 1955. Ọdún méjì ṣáájú, Sven Seldinger ará Sweden ti gbé ọgbọ́n wáyà jáde fún iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọgbọ́n wáyà yìí náà ni wọ́n ń lò fún kíndìnrín báyìí: abẹ́rẹ́ á wọlé, ìtọ̀ á sun jáde, wọ́n á ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú rẹ̀, wọ́n á yọ abẹ́rẹ́, rọ́bà tí ìtọ̀ yóò máa gbà jáde á sì gba orí wáyà wọlé. Láàárín 1970 sí 1980, ẹ̀rọ síkáànì tí a fi ń wo oyún dara pọ̀ mọ́ X-ray nínú iṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, ewu kò tán. Nínú ìlànà Society of Interventional Radiology ní Amẹ́ríkà, ẹ̀jẹ̀ tó dà débi tí a ó fi gba ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára máa ń ṣẹlẹ̀ sí bíi 1 sí 4 nínú 100. Àkóràn tó wọnú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ walẹ̀, jẹ́ 1 sí 3. Bí ọyún bá wà nínú kíndìnrín, ó lè tó 7 sí 9. Ìdí nìyí tí oògùn apakòkòrò fi ń ṣáájú abẹ́rẹ́. Lílu ìfun tàbí awọ ẹ̀dọ̀fóró kò wọ́pọ̀ rárá.

Kí ìtọ̀ pọ́n díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní tàbí ìkejì kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú. Bí ibà àti òtútù bá dé, bí ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ bá pọ̀, tàbí bí rọ́bà bá yọ tàbí tí kò ṣàn mọ́, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ tètè padà sí ilé ìwòsàn.