Obìnrin 16 tó gba wúrà ní Moscow: kí ló kan àwa tí a wà ní Sókótó?

  Lọ́sẹ̀ yìí, ìtàn họ́kì obìnrin la fẹ́ sọ. Họ́kì tí à ń wí ni èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá tó tẹ̀ lẹ́nu gbá bọ́ọ̀lù kékeré lórí pápá, èèyàn 11 sí 11. Àwọn kan á ní, kí ló kan Yorùbá nínú ìyẹn? Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta kan wà nínú ìtàn yìí, ọmọ ilẹ̀ Sókótó kan náà sì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orí pápá ni wọ́n ti ṣe tiwọn.

Ilé ẹ̀kọ́ ni irú eré báyìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Nígbà ìjọba Òyìnbó, bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé ni wọ́n ń kọ́ wọn ní kíríkẹ́ẹ̀tì, họ́kì àti fives. Ẹ wo Sàdáúnà, Sir Ahmadu Bello, tí wọ́n bí sí Rabah níbí: Katsina College ló ti kọ́ fives, títí tó fi di olórí ìjọba Àríwá, kò fi eré náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún láàyè. Bó ṣe rí káàkiri àgbáyé náà nìyẹn. Ọdún 1908 ni họ́kì ọkùnrin ti wọ ìdíje Olympics ní London. Ti obìnrin kò wọ̀ ọ́ títí di 1980 ní Moscow. Ẹ ṣírò rẹ̀, ọdún 72 ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé obìnrin Nàìjíríà kò mọ eré náà nígbà yẹn o. Ní 1978, ọdún méjì ṣáájú Moscow, ẹgbẹ́ họ́kì obìnrin Nàìjíríà wà ní Madrid, ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, níbi ìdíje Ife Àgbáyé. Àwọn màmá kan wà lónìí tí wọ́n lè sọ pé àwọn ti gbé aṣọ Nàìjíríà wọ̀ níwájú ayé, tí àwọn ọmọ ọmọ wọn ò tiẹ̀ gbọ́ rárá.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká lọ sí 1980. Ní oṣù Kejìlá 1979, àwọn ọmọ ogun Soviet wọ Afghanistan. Ààrẹ Amẹ́ríkà, Jimmy Carter, ní kí gbogbo ayé má lọ sí Moscow. Ó rán Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, kó wá bẹ Áfíríkà. Ali dé Tanzania, Kenya, Nàìjíríà, Liberia àti Senegal ní oṣù Kejì 1980. Ta ni ààrẹ Nàìjíríà nígbà yẹn? Alhaji Shehu Shagari ni, Turakin Sakkwato, ọmọ ilẹ̀ yìí gan-an. Ìjọba rẹ̀ ò gbà. Nàìjíríà lọ sí Moscow.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ò lọ, ìyẹn ló dá wàhálà sílẹ̀ nínú họ́kì obìnrin. Ẹgbẹ́ mẹ́fà péré ló yẹ kó gbá a, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yàn sì ti yọwọ́. Àwọn tó ń ṣètò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa di àlàfo. Nígbà tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n ránṣẹ́ sí Zimbabwe.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Zimbabwe ò tíì pé oṣù mẹ́ta tó gba òmìnira nígbà yẹn. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 1980 ni wọ́n gbé àsíá rẹ̀ sókè. Rhodesia ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun díẹ̀ ló ń jọba lé ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú lórí. Nítorí èyí ni Áfíríkà ṣe fárígá ní 1972 pé bí Rhodesia bá gbá eré ní Munich, àwọn ò ní gbá. Wọ́n lé Rhodesia padà. Nàìjíríà ò sì fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí pápá nìkan. Ní 1979, ìjọba Ọ̀gágun Olusegun Obasanjo, ọmọ Òwu, Abẹ́òkúta, gba ilé iṣẹ́ epo BP lọ́wọ́ àwọn Òyìnbó, kí ìjọba Bìrìtìkó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Rhodesia àti South Africa ò ní tán lórí ẹnu lásán. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà yẹn, ẹ máa rántí. Torí náà, nígbà tí ilẹ̀kùn Olympics ṣí fún Zimbabwe, ọwọ́ Nàìjíríà wà lára àwọn ọwọ́ tó ti ilẹ̀kùn náà.

Ta wá ni wọ́n rí kó wọlé? Àwọn orúkọ 16 náà rèé: Arlene Boxall, Elizabeth Chase, Sandra Chick, Gillian Cowley, Patricia Davies, Sarah English, Maureen George, Ann Grant, Susan Huggett, Patricia McKillop, Brenda Phillips, Christine Prinsloo, Sonia Robertson, Anthea Stewart, Helen Volk àti Linda Watson.

Ann Grant ni balógun wọn; Duncan Fletcher, tó padà di akọ́nimọ̀ọ́gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún England, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Anthea Stewart ti gbá eré fún South Africa rí. Sandra Chick àti Sonia Robertson, ìbejì ni wọ́n. Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ẹ gbọ́ o. Kò sí ẹni tó ń gba owó oṣù lórí họ́kì nínú wọn. Eré ọwọ́-dilẹ̀ ni fún wọn. Orí koríko ni wọ́n ti ń gbá a nílé. Nígbà tí wọ́n dé Moscow, wọ́n bá pápá tí wọ́n fi koríko àtọwọ́dá tẹ́, irú èyí tí wọn ò gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ rí. Ó di dandan kí wọ́n wá bàtà mìíràn.

Síbẹ̀, wọ́n fi 4-0 na Poland. Wọ́n gbá 2-2 pẹ̀lú Czechoslovakia. Wọ́n fi 2-0 na àwọn Soviet tó gbàlejò, nílé wọn. Wọ́n gbá 1-1 pẹ̀lú Íńdíà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, wọ́n fi 4-1 na Austria, ó parí. Wọn ò fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Patricia McKillop nìkan gbá góòlù mẹ́fà wọlé. Wúrà àkọ́kọ́ tí Zimbabwe gbà ní Olympics nìyẹn, ti àkọ́kọ́ nínú họ́kì obìnrin lágbàáyé sì ni. Wọ́n ti ṣèlérí màlúù kọ̀ọ̀kan fún wọn bí wọ́n bá ṣẹ́gun. Ìgbà tí wọ́n délé, ẹran tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì dì ni wọ́n kó fún wọn. Àwa náà mọ irú ìlérí bẹ́ẹ̀ dáadáa ní Nàìjíríà.

A ti rẹ́rìn-ín tán, ẹ jẹ́ ká padà síbi àwọn orúkọ yẹn. Kò sí èèyàn dúdú kan láàárín àwọn 16. Ní orílẹ̀-èdè tí àwọn dúdú ti jagun títí kí wọ́n tó gba òmìnira, tí gbogbo Áfíríkà kún wọn lọ́wọ́, ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ lọ gba wúrà fún un, funfun pátápátá ni. A ò bá àwọn obìnrin náà jà o. Wọ́n gbá eré wọn, wọ́n sì yẹ fún wúrà wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wà níbẹ̀: ṣé kò sí ọmọbìnrin dúdú kan tó lè sáré, tó lè fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, ní gbogbo Zimbabwe ni?

Wọ́n wà. Ohun tí wọn ò ní ni pápá, ọ̀pá, àti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun ni họ́kì wà nígbà Rhodesia. Òmìnira ṣí ilẹ̀kùn ní oṣù Kẹrin, ìwé ìpè dé láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ti ní ọ̀pá lọ́wọ́ láti kékeré ló sì wọlé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ò tó láti kọ́ ọmọ ní họ́kì. Bí wọ́n bá ń ka orúkọ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè lórí rédíò, a máa ń rò pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n yàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́wàá ṣáájú ni orúkọ ti ń jáde, ní pápá ilé ẹ̀kọ́, níbi tí ẹnì kan ti fún ọmọ ní ọ̀pá, tí ẹlòmíràn ò rí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

A mọ̀ pé ìmúrasílẹ̀ nìkan kò tó. Ní 2015, ẹgbẹ́ obìnrin South Africa gba ipò Áfíríkà láti lọ sí Olympics 2016 ní Rio, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ eré ìdárayá orílẹ̀-èdè wọn ní ìdíje Áfíríkà kò le tó, wọn ò jẹ́ kí wọ́n lọ. Ẹ wò ó: Zimbabwe tí kò já ipò gbà lọ gba wúrà; South Africa tó já a gbà jókòó sílé. Ọwọ́ àwọn aláṣẹ ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà. Ṣùgbọ́n ọ̀pá, ọwọ́ òbí àti olùkọ́ ló wà, ìyẹn sì ni apá tiwa.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ ara wa. Lókè Ọya tí a wà yìí, họ́kì ò jìnnà. Kaduna ní ẹgbẹ́ obìnrin Kada Queens, Minna ní Niger Flickers ti àwọn ọkùnrin. Ìdíje Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1973 kí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà lè tún mọ ara wọn lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní họ́kì nínú. Ní 2022, ẹgbẹ́ obìnrin wa wà ní Accra fún Ife Áfíríkà. Títí di òní, Zimbabwe àti South Africa nìkan ni obìnrin Áfíríkà ti gbá họ́kì fún ní Olympics. Àyè ṣì ṣófo.

Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí, ọ̀rọ̀ "ọmọ ìpínlẹ̀ wo ni ẹ́" ń dà wọ́n láàmú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọ ilé ìwé gíga tàbí wá iṣẹ́. Orí pápá, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò ni ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n àwa fúnra wa ló sábà máa ń gé ẹsẹ̀ náà kúrú. Ọmọkùnrin á lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, ọmọbìnrin á lọ dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá di ọmọ ọdún 12, a ní ó ti dàgbà jù láti máa sáré. Ẹ̀sìn kọ́ ló fà á o, àwọn eléré obìnrin tó ń bo orí wọn pọ̀ lórí pápá lóde òní.

Torí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ bèèrè nílé ìwé ọmọ yín bóyá wọ́n ń gbá họ́kì, kí ẹ sì bèèrè bóyá àwọn ọmọbìnrin wà níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà láàárín wa, bí ọ̀pá bá wà ní yàrá ìkẹ́rùsí tí eruku ti bò, ẹ gbé e jáde. Ẹ̀yin màmá tí ẹ gbá họ́kì nílé ìwé yín, ẹ kọ orúkọ ilé ìwé náà àti ọdún rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ yìí; bí ẹ bá ní fọ́tò, ẹ fi síbẹ̀. A fẹ́ kó wọn jọ, kí àwọn ọmọ wa rí i pé ìyá wọn náà ti di ọ̀pá mú rí.