Orúkọ Wo La Ó Fún Àrùn Ọyẹ́ Tó Ń Ṣe Gìtá?

Gìtá ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní 1964 ni Ebenezer Obey dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń fi gìtá kọ jùjú ti wà ṣáájú rẹ̀. Síbẹ̀, bí àìsàn bá ṣe gìtá, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ṣàlàyé ibi tó ń dùn ún.

Ilẹ̀ ọ̀rinrin ni Ìjẹ̀bú-Òde. Ọyẹ́ kì í pẹ́ níbẹ̀ tó ti òkè Ọya, àmọ́ bó bá ti dé ní Oṣù Kejìlá, igi tó ti mumi yó látìgbà òjò a bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì ní gígùn. Ìbú rẹ̀ ló ń dín. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò sójú ọrùn gìtá kò ní bá a súnkì. Bí olórin bá wá fọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn náà kọjá, ṣóńṣó irin a ha á lọ́wọ́.

Ní ti orúkọ, ọrùn àti okùn kò ni wá lára. Àwọn irin yẹn, irin ìdábùú ni mo pè wọ́n, torí bí wọ́n ṣe sùn nìyẹn. Pátákó tí wọ́n tẹ̀ wọ́n sí ńkọ́? Mo kọ́kọ́ ro ìtẹ̀ka, àmọ́ ti olùdìbò nìyẹn. Pátákó ojú ọrùn tó.

Àrùn náà gan-an ló gba àròjinlẹ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ní irin ló hù. Bí a bá tú u bẹ́ẹ̀, a ti ṣi atúngìtáṣe lọ́nà: fáìlì ni yóò kọ́kọ́ mú, á máa rẹ́ irin tí kò ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ọrùn súnkì. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé omi ló wọ́n. Yóò rẹ fóòmù sómi, yóò fún un dáadáa, yóò fi í sínú ike oníhò, yóò sì tì í sínú àpótí gìtá, kí ọ̀rinrin ibẹ̀ lè wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Irin tó bá ṣì yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kó wá fi fáìlì rẹ́.

Ọrùn tó gbẹ tún lè tẹ̀ sẹ́yìn, kí okùn máa gbo irin. Okùn ń kùn nìyẹn, bí oyin. Ẹ má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ o, kó má baà dàrú mọ́ ikùn. Irin gbọọrọ inú ọrùn, tí a ń yí láti fi tún un tọ́, ọ̀pá ìtọ́rùn ni tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún gìtá ṣe, ẹ lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu iṣẹ́ bí ọyẹ́ bá dé. Èyí tí kò bá bá ẹnu mu, ẹ sọ ọ́ nù.