Ọgbọ́n Ogun Lẹ́nu Òyìnbó

Tí àwa Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ ìjà, ọgbọ́n la máa ń dárúkọ: ọgbọ́n ogun, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, ọgbọ́n àrékérekè. 'Tactics' ni Òyìnbó ń pè é. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, títo ọmọ ogun sójú ìjà ló sì dúró fún. Ṣùgbọ́n kì í sábà dá rìn. Wọn a ní 'guerrilla tactics', 'Fabian tactics', 'delaying tactics'. Ẹ jẹ́ ká wo ogun tó bí méjì nínú wọn.

'Guerrilla' jẹ́ ọ̀rọ̀ Sípéènì, 'ogun kékeré' sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1808, Napoleon kó ogun Faransé wọ Sípéènì. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Sípéènì kò lè dojú kọ ọ́ ní gbangba, àwọn ará ìlú ń ba ní ibùba lórí òkè, wọ́n ń ṣígun sí àwọn tó ń gbé oúnjẹ àti lẹ́tà, wọn a sì sá lọ. Látibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti wọ inú Gẹ̀ẹ́sì.

'Fabian' ní tirẹ̀ ti pẹ́ jùyẹn lọ. Ní ọdún 217 ṣáájú ìbí Jésù, lẹ́yìn tí Hannibal ti ṣẹ́gun Róòmù létí adágún Trasimene, wọ́n fi Fabius ṣe olórí. Fabius kọ̀, kò bá a jà lójúkojú. Orí òkè ló ń gbà tẹ̀ lé e, tó sì ń pa àwọn tó bá jáde lọ wá oúnjẹ. Àwọn ará Róòmù bínú, wọ́n ń pè é ní afọ̀rọ̀falẹ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n kó ogun ńlá lọ bá Hannibal ní Cannae. Ó yí wọn ká, ó sì pa wọ́n ní ìpakúpa. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó padà sí ọgbọ́n Fabius. Orúkọ èébú náà sì di oríkì.

Ṣé ẹ rí i? Lónìí, bí agbẹjọ́rò bá fi ẹjọ́ falẹ̀, 'delaying tactics' ni wọ́n máa pè é, èébú sì ni. Àwa náà máa ń bú u. Ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi. Ká tó bú ẹni tó ń fi nǹkan falẹ̀, ká kọ́kọ́ bèèrè: kí ló ń dáàbò bò, ta ni yóò sì jìyà bó bá kánjú?