Àrùn Huntington: ìwà lè kọ́kọ́ yí padà

Kí àwọn àgbà wa tó fi ọmọ fọ́kọ, wọn a kọ́kọ́ wádìí bóyá wèrè tàbí wárápá wà nínú ìdílé náà. Ìtàn tí a mú wá lónìí, Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀, àmọ́ ìbéèrè kan náà ló wà nínú rẹ̀.

Ní 1872, dókítà ọmọ ọdún 22 kan, George Huntington, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó rí ní East Hampton, ní ìpínlẹ̀ New York. Bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti tọ́jú àwọn ìdílé yẹn ṣáájú rẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aláìsàn a máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń jó. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà Faransé fi ń pè é ní chorée. Huntington ní àgbàlagbà ló ń mú, pé ọmọ ń jogún rẹ̀ lára òbí, àti pé ó ń fa wèrè àti ìpara-ẹni. Ọmọ tí kò bá jogún rẹ̀, okùn já nìyẹn.

Gbogbo ènìyàn rántí ijó yẹn. Ọ̀rọ̀ wèrè ni wọn kò kà sí. Ẹ wo ìdílé Woody Guthrie, olórin ńlá. Iná jó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pa ní 1919. Ní 1927 iná tún jó bàbá wọn. Ìyá wọn, Nora, tí ìwà rẹ̀ ti yàtọ̀ tipẹ́, ni àwọn ènìyàn ń fura sí. Wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Norman, ní Oklahoma. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1930.

Nígbà tó kan Woody, wọ́n ní ọtí ló ń bà á jẹ́. 1952 ni wọ́n tó mọ̀ pé àìsàn ìyá rẹ̀ ni. Ó kú ní 1967, lẹ́ni ọdún 55.

Ní 1993 ni àwọn onímọ̀ rí jíìnì tó ń fa àrùn yìí. Nínú ọmọ méjì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jogún rẹ̀. Ọpọlọ ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ìrẹ̀wẹ̀sì, ìbínú òjijì àti àìbìkítà lè fi ọdún púpọ̀ ṣáájú ijó ara. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe ìwà burúkú. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn, ṣùgbọ́n oògùn wà fún ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìbínú yẹn. Marjorie, tó ti jẹ́ ìyàwó Woody rí, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1967, ó sì ń wá àwọn ìdílé tó ń fi àìsàn yìí pamọ́ kiri.